Òjò Tí Fáìlì Kò Gbà

Oṣù kejìlá ni mo kọ ọ́, ọyẹ́ ń fi iyanrìn nu fèrèsé,
Bwari funfun bí ẹni tó sùn sínú gààrí.
Ètè mi ti sán. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà,
mo tẹ ulimit, mo fa ìlà kékeré kan, mo tẹ f,
mo wá fi nọ́ńbà kan tì í lẹ́yìn.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, bẹ́ẹ̀ ni mo wí lọ́kàn.
Fáìlì tó ń gba iye òjò, kí ni yóò fi ààyè ńlá ṣe
nígbà tí kò sí òjò?
Ẹ̀rọ inú ọgbà ń kọ òdo sílẹ̀ láràárọ̀,
òdo, òdo, òdo,
bí ọmọ tí kò tíì mọ lẹ́tà mìíràn.

Ndagi ọ̀gá mi, ọmọ Bídà, ń bó ẹ̀pà sórí ìwé owó-oṣù.
Ó ní, "Fọlárìn, ààlà méjì ló wà níbẹ̀.
Èyí tó rọ̀, o lè sún un bí ẹni sún àga
títí yóò fi kan èyí tó le.
Èyí tó le, ẹnikẹ́ni lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀;
gbòǹgbò nìkan ló lè gbé e padà sókè."
Mo rẹ́rìn-ín. Mo rẹ méjèèjì sílẹ̀ sójú kan náà.
Dísìkì kan ti kún lójú mi rí, ní Sùlèjá,
lẹ́tà kan ṣoṣo kò ráyè wọlé,
ilé-iṣẹ́ odidi dákẹ́ lọ́jọ́ owó-oṣù.
Ẹni tí ejò ti ṣán rí, bó rí okùn, á fò.

Lẹ́yìn náà mo gbàgbé.
Mo gbé ìyàwó, mo kó lọ sí Kúbwà,
mo ra ẹ̀rọ amúlétutù tí kò mú nǹkan kan tutù.
Máńgòrò pọ́n lójú ọ̀nà Dútsè.
Òdo di méjì, méjì di mẹ́sàn-án.
Fáìlì ń sanra, kò sẹ́ni tó wò ó.

Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹjọ, òjò ṣú láti orí àpáta.
Ìyá Gbàgyí tó ń ta igi ìdáná lẹ́nu ọ̀nà wa
sọ ẹrù kalẹ̀ láti èjìká (wọn kì í fi orí rù ú),
ó wo sánmà, ó yọ ìdì mẹ́ta kúrò,
ó gbé ìyókù lé èjìká, ó ń lọ.
Ó mọ ọ̀nà tó kù.

Lóru ọjọ́ náà, aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá,
ètò tó ń kọ òjò na ọwọ́ láti kọ,
ọwọ́ kan ògiri.
Ọkàn ẹ̀rọ fi àmì kan ránṣẹ́ sí i, kò bi í léèrè ọ̀rọ̀.
Ó kú síbi tó jókòó sí.
Ìlà ìkẹyìn rèé, bí mo ṣe bá a:

02:11 Bwari òjò milimita 4

Ṣé mẹ́rin ni? Ṣé ogójì ó lé?
Ó dá nọ́ńbà sí méjì, bí ikú ti ń gé ọ̀rọ̀ mọ́ni lẹ́nu.

Òjò kò gbọ́ pé fáìlì ti kún.
Ó rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.
Odò ẹ̀yìn ilé-ìwé gun orí afárá,
ó wọ ṣọ́ọ̀bù Danjuma telọ̀,
ó kó yunifọ́ọ̀mù ọmọ ọlọ́mọ lọ, pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ.
Wọ́n wá bá wa: báwo lòjò yẹn ti pọ̀ tó?
Wọ́n fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba.
Mo ṣí fáìlì. Mo fi mẹ́rin hàn wọ́n.
Danjuma wò mí títí, ó fọwọ́ kan àyà ara rẹ̀.
"Ibí ló dé."

Ndagi wọlé gẹ́gẹ́ bíi gbòǹgbò. Kò bá mi wí.
Ó kàn ní, "Èló ni kí n fi sí?"
Mo fẹ́ sọ pé kó má lópin.
Mo rántí Sùlèjá, ẹnu mi wúwo.
Mo ní kó ṣì dúró ná.
Mo mú rúlà lórí tábìlì, mo tẹ̀lé Danjuma
lọ wọn ẹrẹ̀ ara ògiri.